Ọ̀rọ̀ Gay Pride Lókè Òkun: Ọmọ Ẹni Kì Í Burú Títí Ká Fi Fún Ẹkùn Pa Jẹ

 

Lọ́dọọdún, bí oṣù Òkúdù, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní juin, bá ti ń parí lọ, fídíò máa ń ya wọ inú fóònù wa láti Paris àti láti Lọ́ńdọ̀nù. Èrò á pọ̀ bí eéṣú lójú títì, àsíá aláwọ̀ òṣùmàrè á wà lọ́wọ́ wọn, orin á máa dún lórí ọkọ̀ ńlá, ọkùnrin á di ọkùnrin lọ́wọ́ mú, obìnrin á di obìnrin lọ́wọ́ mú. Gay Pride ni wọ́n ń pè é. Àwọn Faransé ń pè é ní Marche des Fiertés. Bí irú fídíò bẹ́ẹ̀ bá ti dé Pobè tàbí Sakété, ariwo ta nìyẹn. Ẹnì kan á ní òun rí ọmọ lágbájá nínú ẹ̀. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n pe bàbá ọmọ náà sí ààfin. Ẹlòmíì á ní kí ẹgbẹ́ wa yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé.

Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń bi wá. Kí ni nǹkan yìí gan-an? Kí ni òfin wí? Kí ni ká ṣe fún ọmọ wa tí wọ́n bá rí níbẹ̀? A ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ibi tí a dúró sí nìyí: ẹgbẹ́ yìí ò ní gbé orúkọ ọmọ kankan jáde, a ò ní yọ ẹnikẹ́ni kúrò nítorí fọ́tò, a sì ń bẹ àwọn ọba àti ìjòyè wa pé kí wọ́n má gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wọ ààfin. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí ẹ̀ fún yín.

Kí ni ìwọ́de yìí?

Ẹni tó bá wo fídíò nìkan á rò pé àríyá lásán ni. Àríyá wà níbẹ̀ lóòótọ́, a ò ní parọ́. Àwọn kan ń múra lọ́nà tí ojú àgbà ò ní lè wò. Ṣùgbọ́n ìjà ló bí i. Ní òru ọjọ́ 28 oṣù Òkúdù ọdún 1969, àwọn ọlọ́pàá New York ya wọ ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Stonewall Inn, níbi tí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ti máa ń pàdé. Irú ẹ̀ kì í ṣe tuntun nígbà yẹn. Wọ́n á kó èèyàn, orúkọ onítọ̀hún lè jáde nínú ìwé ìròyìn, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹbí lè kọ̀ ọ́. Lóru ọjọ́ yẹn, wọn ò gbà. Wọ́n kojú ọlọ́pàá, rúkèrúdò náà sì gba ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó pé ọdún kan géérégé, ní 1970, wọ́n wọ́de gba ojú títì New York láti fi rántí. Lọ́ńdọ̀nù ṣe ti ẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ ọdún 1972. Paris tẹ̀ lé e ní 1977.

Nílẹ̀ Áfíríkà ńkọ́? Johannesburg ló kọ́kọ́ ṣe é, ní ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1990, nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ò tíì kógbá wọlé. Simon Nkoli wà lára àwọn tó ṣáájú ẹ̀. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ni, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà sì ti fi í sẹ́wọ̀n rí, wọ́n pè é lẹ́jọ́ ọ̀tẹ̀ sí ìlú. Lọ́jọ́ ìwọ́de yẹn, àwọn kan fi àpò bébà bojú, wọ́n dá ihò ojú sí i, kí ẹbí àti ọ̀gá ibi iṣẹ́ má bàa dá wọn mọ̀. Ẹ fi ọkàn bá èyí lọ. Èèyàn ń wọ́de láti sọ pé ojú ò ti òun, síbẹ̀ ó ní láti bo ojú nítorí ìbẹ̀rù.

Ọ̀fọ̀ náà wà nínú ẹ̀. Nígbà tí SIDA ń pa wọ́n bí ẹni ń kórè ní ìlú òyìnbó, láàárín 1980 sí 1995, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kú tí ẹbí ò wá sìnkú. Ọ̀rẹ́ ló ń sin ọ̀rẹ́. Ẹgbẹ́ Act Up-Paris, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989, gbé ọ̀rọ̀ àwọn òkú wọ̀nyẹn wọ inú ìwọ́de. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àgbàlagbà tó ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òkú ló ń rántí.

Ẹ̀yin ará Pobè ò ní ṣàì mọ ìtàn àwọn Ọ̀họ̀rí tó múlé tì yín. Ní 1914, wọ́n dìde sí Faransé nítorí owó orí, nítorí iṣẹ́ àfipáṣe, nítorí kíkó ọmọ wọn lọ sójú ogun. Wọ́n fìyà jẹ wọ́n gidi. Títí di òní, à ń sọ ọ́ fún ọmọ wa. A ò sọ pé ìtàn méjèèjì jọra. Ohun tí à ń sọ ni pé kò yẹ kó yà wá lẹ́nu bí àwọn èèyàn kan bá yan ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú ọdún láti rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ ìyà.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kọ́ wa lọ́gbọ́n

Ohun tó ń bí àgbà nínú jù nínú fídíò náà ni ọkùnrin tó wọ aṣọ obìnrin. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: òyìnbó tó bá kọ́kọ́ dé Kétou tàbí Sakété lọ́jọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí ló máa rí? Á rí ọkùnrin tó ró ìró, tó gbé ère obìnrin lé orí, tó fi aṣọ ṣe ọmú, tó fi aṣọ ṣe ìdí, tó ń jó níwájú ọba àti ìjòyè. Bó bá yà á ní fọ́tò, tó gbé e lọ sílé, tó ní, "Ẹ wo bí ọkùnrin Nàgó ṣe ń ya obìnrin," ṣé inú wa á dùn? A mọ̀ pé àwọn ìyá wa là ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bọlá fún. UNESCO mọ̀ ọ́n, wọ́n kéde ẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, ti Benin, ti Nàìjíríà àti ti Togo pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè ò ní mọ̀.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe Gay Pride, Gay Pride kì í sì í ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má pa wọ́n pọ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọlọ́jà ló mọ ohun tí òun ń tà. Ìwọ́de tí kì í ṣe tiwa, ẹ jẹ́ ká bi onílé léèrè kó tó di pé a dá ẹjọ́ ẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó fi fídíò ìṣẹ́jú kan dá ẹjọ́ ńkọ́?

Ohun tí ọmọ wa ń bá pàdé níbẹ̀

Àwa tí a ti gbé òkè òkun rí mọ̀ pé ìwọ́de yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wá lọ. Òun ló ń wá bá èèyàn. Ọjọ́ Satidé ni, o ń lọ síbi iṣẹ́, bọ́ọ̀sì ò kọjá, wọ́n ti dí ọ̀nà. Obìnrin wa tó ń dirun ní Château d'Eau á rí oníbàárà tó kun ojú ní àwọ̀ òṣùmàrè wọlé. Nọ́ọ̀sì wa á rí àsíá náà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ọmọ kékeré tó jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ á béèrè pé, "Pápá, kí ni wọ́n ń ṣe?" Pápá á máa wo ojú fèrèsé, kò mọ èyí tí òun máa sọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù máa ń ba ọ̀pọ̀ nínú wa, àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn á bínú. Bó bá di ọdún kẹta, ìkẹrin, wàá rí i pé aládùúgbò tó bá ọ kọ ìwé sí préfecture nígbà tí o ò gbọ́ Faransé dáadáa wà nínú àwọn tó ń wọ́de. Wàá rí ìyá arúgbó tó gbé páálí dání tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun fẹ́ràn ọmọ òun. Wàá rí ọlọ́pàá pẹ̀lú. Láti 2001 ni ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́pàá tó wà nínú ọ̀ràn yìí ti wà ní Faransé, FLAG! lorúkọ ẹ̀. Ẹ rántí pé ọlọ́pàá ni wọ́n ń sá fún ní 1969.

Èyí ò sọ ẹnikẹ́ni nínú wa di ọ̀kan lára wọn. Èèyàn lè wo ìwọ́de kó sì máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tó dúró sétí títì nínú fọ́tò, oníranù kọ́, ajìjàgbara kọ́, ẹni tí bọ́ọ̀sì já jù sílẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tó wà níbẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa sí èyí. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì ni. Òfin Faransé ò gba kí èèyàn bú ẹlòmíì ní gbangba nítorí irú ẹni tó ń fẹ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún 1 àti owó ìtanràn 45,000 yúrò ló wà fún un. Ohun tí ẹ kọ sórí Facebook láti Paris, Paris ni wọ́n ti kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàgó lẹ fi kọ ọ́. Ẹ má tìtorí ìbínú ìṣẹ́jú márùn-ún pàdánù iṣẹ́ tí ẹ fi ọdún mẹ́wàá wá.

Ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, kò kàn wá. Ì bá rọrùn bó bá rí bẹ́ẹ̀. Ní 2004, Bísí Alimi, ọmọ Yorùbá, sọ lórí tẹlifíṣàn Nàìjíríà pé ọkùnrin ni òun ń fẹ́. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó tíì ṣe irú ẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Ní 2007, lẹ́yìn tí wọ́n kọlù ú nínú ilé ara ẹ̀, ó sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Adérónkẹ́ Apata náà wà ńbẹ̀. Ó sá kúrò ní Nàìjíríà, ó bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n dáàbò bo òun. Ní 2015, agbẹjọ́rò ìjọba dìde ní kóòtù, ó ní obìnrin tó bá ti bímọ ò lè jẹ́ obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin. Ìwé ààbò ò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ àfi ní 2017, lẹ́yìn ọdún 13. Ní 2022, òun fúnra ẹ̀ di agbẹjọ́rò ní England.

Àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tiẹ̀ ní ìpàdé tiwọn, UK Black Pride. Ní 2005 ni Phyllis Opoku-Gyimah, tí àwọn òbí ẹ̀ wá láti Ghana, kó àwọn díẹ̀ jọ, wọ́n lọ sí etí òkun ní Southend. Ìdí ẹ̀ ni pé nínú ìwọ́de ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù, ojú àlejò ni wọ́n fi ń wo dúdú. Ẹ wò ó: nílé, wọ́n ní òyìnbó ni wọ́n yà. Lọ́dọ̀ òyìnbó, wọ́n ní dúdú ni wọ́n. Ibo ni kí wọ́n dúró sí? Ní 2016, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fi oyè MBE dá obìnrin náà lọ́lá. Ó kọ̀ ọ́. Ó ní òun ò lè gba oyè ilẹ̀ ọba tó fi òfin tó ń kó irú àwọn òun sẹ́wọ̀n sílẹ̀ ní àwọn ìlú tó jọba lé lórí. Ọ̀rọ̀ òfin yẹn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, àwa ará ẹnu bodè.

Òfin Ìgólò, òfin Ìdíìrókò

Ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ní Paris, wọ́n là wá sí méjì. Ìgólò bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìdíìrókò bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n wà níhìn-ín, àbúrò wà lọ́hùn-ún. Òfin tó dé bá ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí èyí tó dé bá àbúrò. Láti 1791 ni Faransé ti yọ ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin kúrò lára ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọba ń torí ẹ̀ fini sẹ́wọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láàárín 1942 sí 1982 wọ́n ní òfin ọjọ́ orí tó yàtọ̀ fún wọn. Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn gbé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 wá sí Nàìjíríà. Nígbà tó di 1967, Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú òfin náà nílé ara wọn. Nàìjíríà ò tú ti wọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òmíràn lé e lórí: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó bá fẹ́ra wọn, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ wọn tàbí tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba.

Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ní òfin Ìdíìrókò ni àṣà Yorùbá, kó lọ wo ibi tí òfin náà ti wá. Kò ti Ọ̀yọ́ wá, kò ti Kétou wá. Lọ́ńdọ̀nù ló ti wá.

Níbí ńkọ́? Ìwé òfin ọ̀daràn tuntun ti Benin, tí wọ́n kéde ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2018, ò ní ìjìyà kankan fún àgbàlagbà méjì tó gbà fún ara wọn. Òfin ẹbí ti 2004 sọ pé ìgbéyàwó wà láàárín ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Èyí ò yí padà, ẹgbẹ́ wa ò sì ní kí wọ́n yí i. Ṣùgbọ́n òfin 2004 yìí kan náà ò ka ìyàwó kejì sí mọ́. Bàbá wo ní Pobè ni wọ́n ti gbá létí nítorí pé ó ní ìyàwó méjì? Ohun tí òfin ò kọ sínú ìwé ìgbéyàwó, ìyẹn nìkan ò sọ ọ́ di ohun tí à ń lu èèyàn sí. Abala 15 nínú ìwé òfin ńlá ti 1990 fún gbogbo èèyàn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí, sí òmìnira, sí ààbò ara. Gbogbo èèyàn ló wí. Kò yọ ẹnì kan.

Àwọn aládùúgbò wa ti gba ọ̀nà mìíràn. Togo ní ẹ̀wọ̀n ọdún 1 sí 3. Burkina Faso ṣe òfin tuntun ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2025, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sí 5. Nítorí náà, fọ́tò tó jẹ́ eré ní Paris, tó jẹ́ ẹ̀rín ní Sakété, lè di ẹ̀wọ̀n bó bá sọdá ẹnu bodè. Ọmọ wa tó wá kí ẹbí nílé lè fẹ́ sọdá lọ kí àǹtí ẹ̀ ní Ìpókíá. Bó bá jẹ́ pé fọ́tò tí ẹ pín kiri ti ṣáájú ẹ̀ débẹ̀, ta ló fà á? Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Fọ́tò WhatsApp tún burú ju ẹyin lọ. Ẹyin tó fọ́, ibi tó fọ́ sí ló ń wà.

Ohun tí àwọn tí kò gbà pẹ̀lú wa ń wí

Àwọn kan ní, "Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-hùrù ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru." A gbà. Òwe yẹn ní ká sọ fún un. Kò ní ká sọ fún gbogbo ọjà. Kò sì ní ká dáná sun ilé. Bàbá tó fẹ́ bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀, kó pè é. Ìmáàmù tó fẹ́ wàásù, kó wàásù. Pásítọ̀ tó fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà. Ẹ̀sìn oníkálukú ní ohun tó gbà àti ohun tí kò gbà, ìwé ìròyìn yìí ò sì ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ẹgbẹ́ yìí ni ọkàn wọn ò gba ọ̀rọ̀ yìí rárá. A ò ní kí wọ́n gbà á. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ọwọ́ má kan ara, kí orúkọ má jáde.

Àwọn mìíràn ní owó òyìnbó ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wa. Rárá o. Kò sí òyìnbó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìrántí wa ló ń sọ̀rọ̀. Ní 1958, ní Abidjan, èrò dìde sí àwọn ará Dàhòmì, wọ́n ba ilé wọn jẹ́, wọ́n lé wọn wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní 1978, Gabon lé àwọn ọmọ Benin. Ní 1983, nígbà tí Nàìjíríà lé àwọn àlejò, àwọn tiwa wà nínú àwọn tó di ẹrù lé orí. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe. Irú ẹni tí wọ́n jẹ́ ni wọ́n wò. Àwọn tó rí i nínú àwọn bàbá àti ìyá wa ṣì wà láyé. Ẹ bi wọ́n bí ó ti ń rí kí èrò péjọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ. Ẹni tí iná ti jó rí, kò yẹ kó máa ta epo sílé ẹlòmíì.

Wọ́n tún ní ọmọ tó wà nílé á kọ́ ọ. Ọmọ ò nílò ìwé ìròyìn wa kó tó rí fídíò, ó ti rí i kó tó di pé àgbà rí i. Ohun tó máa kọ́ lọ́dọ̀ wa ni bí àgbà ṣe ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le. Bó bá rí i pé àgbà ń pe èrò, òun náà á máa pe èrò, ní ọjọ́ tí kò ní í jẹ́ ọ̀rọ̀ Gay Pride mọ́.

Ọ̀kan kù, ó sì dùn wá láti sọ ọ́. Àwọn ẹbí kan wà tó ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó wà lókè òkun lóṣooṣù. Owó náà ló kọ́ yàrá, òun ló san owó ilé ìwé àbúrò, òun ló ra oògùn ìyá. Bí fọ́tò bá jáde, wọ́n á ní àwọn ò mọ ọmọ náà rí. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá parí, wọ́n á tún lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Western Union. Kí la ń pe ìyẹn? Bí owó ọmọ bá mọ́ tó láti jẹ, ọmọ náà mọ́ tó láti kí.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí wọ́n bá gbé fóònù wá bá yín pé ẹ wo ọmọ lágbájá, ẹ dá fóònù padà fún ẹni tó gbé e wá. Ẹ bi í pé ta ló fún un láṣẹ láti máa gbé àwòrán ọmọ ọlọ́mọ kiri. Bí èrò bá péjọ sẹ́nu ọ̀nà ẹnì kan, ẹ rán ìlàrí síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́, kí ẹ sì pe ọlọ́pàá.

Ẹ̀yin òbí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bá ọmọ wí, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Ọ̀rọ̀ ẹbí, inú yàrá ni ká ti sọ ọ́. Bí ọmọ bá kú sílẹ̀ òkèèrè, òkú ẹ̀ ni òkú yín. Ẹ gbé e wálé, ẹ sin ín. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọ̀rẹ́ nìkan ló máa sin ọmọ tí ẹ bí.

Ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, ẹ ṣọ́ fóònù yín. Ẹ má ya fọ́tò ẹni tí kò fún yín láṣẹ, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí àwùjọ ẹbí láti fi ṣe ẹ̀rín. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbi ìwọ́de, kó lọ ní orúkọ ara ẹ̀. Kó má gbé orúkọ ẹgbẹ́ yìí tàbí ti ìlú dání lọ síbẹ̀, torí a ò tíì fẹnu kò lórí ẹ̀. Bákan náà, ẹni tó bá fẹ́ bú wọn, kó má fi orúkọ ẹgbẹ́ bú wọn. Bí ẹ bá fẹ́ sọdá lọ sí Nàìjíríà tàbí Togo, ẹ rántí pé òfin ibẹ̀ kì í ṣe tibí.

Ẹgbẹ́ yìí ní tiwa, a ò ní kọ owó ìdásílẹ̀ ẹnikẹ́ni, a ò ní yọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ Pobè ni ọmọ Pobè, ọmọ Sakété ni ọmọ Sakété, ì báà wà ní Cotonou, ì báà wà ní Paris.

A ò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Àwọn àgbà tó pa òwe ẹkùn ò sọ pé ọmọ burúkú ò sí, wọn ò sì ní ká má bá ọmọ wí. Wọ́n kàn ní ẹkùn kì í ṣe olùkọ́. Ẹni tó bá fọmọ fún un, kò ní rí ọmọ náà gbà padà, bí ọkàn ẹ̀ tilẹ̀ yí padà lọ́jọ́ kejì.

Kí Olódùmarè bá wa dá ilé sí, kó mú àwọn tó wà lájò bọ̀ láyọ̀. Àṣẹ.